Kí Wọ́n Tó Dá Kọ̀ǹpútà Lẹ́bi ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ti gbé ní etí òkun Àgbádárìgì mọ ohun tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń ṣe sí páànù òrùlé. Láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé ẹ̀bá ọ̀sà, irin kì í pẹ́ kí ó tó dípẹtà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò ni pé atẹ́gùn kan náà ń wọ inú ọ́fíìsì, ó sì ń jẹ ẹnu wáyà tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ní ọ́fíìsì àti ilé ìjọsìn mìíràn lónìí, kọ̀ǹpútà kì í sí níbi tí ẹni tó ń lò ó jókòó sí. Wọ́n a gbé e sínú yàrá tí wọ́n tì pa, nítorí ooru, eruku àti olè. Òṣìṣẹ́ a wà ní yàrá mìíràn pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti ojú-ìwòran nìkan. Àpótí kékeré méjì ló so wọ́n pọ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́, wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì wà láàárín wọn. Wáyà USB 2.0 lásán kò gbọdọ̀ kọjá mítà 5. Àpótí wọ̀nyí lè mú un dé mítà mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà púpọ̀, àwọn mìíràn dé nǹkan bí 100, bí wáyà bá dára.

Bí wáyà bá dára: ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ojú-ìwòran bá ṣú lójijì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, wọn a sì kọ̀wé béèrè owó tuntun. Bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Àpótí tuntun tí wọ́n so mọ́ wáyà tó ti jẹrà yóò ṣe bíi ti àtijọ́, owó ìlú tàbí owó ìjọ yóò sì ti lọ.

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ gbé àpótí méjèèjì sórí tábìlì kan, yóò fi wáyà kúkúrú, mítà 1 tàbí 2, so wọ́n pọ̀. Bí àwòrán bá yọ, wáyà inú ògiri ló jẹ̀bi. Bí bàbà ẹnu rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, kí ó gé e, kí ó fi orí tuntun sí i. Owó orí náà kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àpótí. Kí ó tún yẹ wáyà fúnra rẹ̀ wò, nítorí púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò, kì í sì í gbé iná bíi bàbà gidi.

Bí àwòrán bá wà tí kíbọ́ọ̀dù kò sì dáhùn, kí ó wo wáyà USB tó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti àpótí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà iná tó ń wọ àpótí kejì. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ń ṣiṣẹ́ tí ojú-ìwòran dúdú, ó lè jẹ́ pé iná lọ, ó tún dé, kọ̀ǹpútà sì ti tàn kí ojú-ìwòran tó sọ irú àwòrán tí ó lè gbà fún un. Kí wọ́n pa méjèèjì, kí wọ́n tan ojú-ìwòran ṣáájú. Àwọn mìíràn a sì ki wáyà náà bọ inú ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún gbogbo ọ́fíìsì, nítorí pé ẹnu wọn jọra. Ọ̀pọ̀ àpótí wọ̀nyí kò gba bẹ́ẹ̀. Tààrà láti ọ̀kan sí èkejì ni wáyà wọn ń lọ.

Bí wáyà bá gba ìta láti ilé kan sí òmíràn, ọ̀rọ̀ di ti ààrá. Agbára mànàmáná tó bá bọ́ sórí bàbà lè pa àpótí méjèèjì àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Wáyà onígíláàsì ló yẹ níbẹ̀, irú èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gba abẹ́ òkun wọ Nàìjíríà, nítorí iná kì í gba inú gíláàsì.

Àwọn kan yóò ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, nígbà tí ènìyàn lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní agbègbè Abidjan, iṣẹ́ báńkì sì dojú rú ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ètò rẹ̀ ń gba òkè òkun kọjá kò lè dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá kejì. Ẹni tó fi wáyà mítà 30 so tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ.