Gìtá Tí Mo Fi Pe Bàbá

Lẹ́yìn tí mo pé ogójì ọdún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá oníná: Squier Classic Vibe, tí wọ́n wo Stratocaster àwọn ọdún 1950 ṣe. Fender ló ni Squier, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ga jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Ní kékeré mi, bàbá mi kọ̀; iṣẹ́ alágbe ni wọ́n pe gìtá. Wọ́n ti papò dà. Lálẹ́ àná, mo fẹ́ fi í pe “bàbá”. Mo ta ohùn ìsàlẹ̀, mo ta ti òkè. Kò jọ ọ́, nítorí ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ìsàlẹ̀ a máa yọ̀ gòkè ni. Ìgbà tí mo fi ìka ti okùn náà sí ẹ̀gbẹ́ ló tó sọ ọ́ gaara.

Mo dákẹ́, bí ẹni ń retí èsì.

Ó dìgbà kan ná.