Ọ̀rá, Àmù àti Gọ́tà Iwájú Ilé Wa

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan lórí ìmọ́tótó àyíká fún àwa tí a jọ wà ní ìlú Kano. Àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ lè sọ ti ìjọba. Ohun tí a ń ṣe nínú ilé tèmi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú píọ̀wọ́tà. Àpò kan, ọ̀rá 20 ló wà nínú rẹ̀. Ilé tó bá ní ènìyàn méje yóò mu àpò kan tán lójúmọ́ nígbà ooru. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọ̀rá 600 lóṣù kan, láti ojúlé kan ṣoṣo, kí a tó ka àpò ńlá tó kó wọn sínú. Gọ́tà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lọ.

Àmù ni àwa fi ń mu omi. Omi tí àwọn mai ruwa bá fi kẹ̀kẹ́ tì wá, a ó sè é, a ó jẹ́ kó tutù, a ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, a ó sì dà á sínú àmù tó ní ìdérí. Lóòótọ́ sísè omi ń jẹ èédú, nítorí náà kí iná ọbẹ̀ tó kú ni a máa ń gbé e kà á. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ̀ pé àmù a máa mú omi tutù, ṣùgbọ́n ti ìhín tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ á fà á gbẹ, bó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru inú ìkòkò lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ bíi ti àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ náà máa ń yá gan-an. Kò sì béèrè iná mànàmáná, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe rí ládùúgbò wa.

Ọmọ àríwá kan tún fi ọgbọ́n kún ti àwọn ìyá wa. Olóògbé Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ní Jigawa, tí àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò, bẹ̀rẹ̀ ní 1995 sí í ti ìkòkò kékeré bọ inú ńlá. Ó da iyanrìn sí àárín méjèèjì, ó ń fi omi rin ín, ó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí rẹ̀. Wọ́n ní tòmátò àti ata lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ láìbàjẹ́. Tèmi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, bóyá nítorí pé àwọn ọmọ máa ń gbàgbé àtirin iyanrìn. Síbẹ̀, ata tí mo bá rà ní Yankaba lọ́jọ́ Sátidé a máa bá mi di Sátidé kejì, kò sí èyí tó ń lọ sí ààtàn.

Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, aládùúgbò wa tó ń sin àgbò ló ń kó o. A sì máa ń rí tiwa gbà nínú ẹran náà nígbà Iléyá! Ike àti agolo, àwọn yan bola ń rà á. Agbọ̀n ni mo ń gbé lọ sọ́jà dípò kí n máa gba ọ̀rá káàkiri. Ọmọbìnrin mi kì í fẹ́ bá mi gbé e, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń pe òun ní ará oko. Mi ò bá a jà; mo ṣáà ń gbé e fún un.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, omi òjò ya wọ ọjà Kantin Kwari, ó ba aṣọ àwọn oníṣòwò jẹ́ rẹpẹtẹ. Gọ́tà tó dí àti ìsọ̀ tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tí àwọn ènìyàn dá lẹ́bi. Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú èyí: ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò ní gbàgbé Ògùnpa. Síbẹ̀, tí a bá sọ̀rọ̀ gọ́tà, ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan yóò ní, "Kí ló kàn wá? Ilé onílé la wà."

Ilé onílé kẹ̀? Rélùwéè dé Kano ní nǹkan bí ọdún 1912, àwọn bàbá wa sì bá a wá. Ẹni tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tó sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tó tún bímọ síbẹ̀, àlejò wo ló tún ń ṣe? A ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé sí Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó dára, èmi náà ní tèmi. Ṣùgbọ́n bí àgbàrá bá dé, yàrá tí ọmọ wa ń sùn sí níhìn-ín ni yóò wọ̀.

Ojúlé mẹ́sàn-án ni a jọ ń lo gọ́tà kan. Mẹ́rin ti gbà láti máa kó ọ̀rá wọn sínú àpò kan fún àwọn yan bola. Márùn-ún kò tíì gbà, ọ̀kan tilẹ̀ ní mò ń ṣe wolé-wolé. Bàbá àwọn ọmọ ti ní òun yóò tún lọ kan ilẹ̀kùn wọn ní Sátidé ìparí oṣù yìí, kí òjò tó dé.