Sáfà Inú Ilé ní Addo

Ẹ̀bá ọ̀nà Addo, ọ̀nà tó ti Ajah lọ sí Badore, ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà. Fífa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wọlé àti gbígbé rédíò sórí òrùlé ni àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí èmi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ìkànnì ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa máa gbé inú ilé wa gan-an, lórí kọ̀ǹpútà tí mo lè fọwọ́ kàn, dípò ká máa sanwó ibùgbé rẹ̀ lókè òkun. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Wàá kọ́kọ́ kọ́ wáyà ná."

Mo kọ́ wáyà. Fọ́nrán mẹ́jọ ló wà nínú Cat6, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ ní méjì-méjì. A ó bó èèpo ẹnu rẹ̀ díẹ̀, a ó tú fọ́nrán náà, a ó fi àtàǹpàkò nà wọ́n títí wọn yóò fi dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà la ó tò wọ́n: ọsàn aláfunfun, ọsàn, ewé aláfunfun, búlúù, búlúù aláfunfun, ewé, búráùn aláfunfun, búráùn. A ó gé ẹnu wọn dọ́gba, a ó tì wọ́n bọ orí wáyà títí a ó fi rí bàbà níwájú téńté, kí a tó fi kírímpà tẹ̀ ẹ́. Ìka mi le nígbà náà. Búlúù àti ewé a máa gbapò ara wọn bí mo bá ti ń tì wọ́n wọlé. Ọ̀gá kì í pariwo. Yóò fi tẹ́sítà sí i, yóò wo iná rẹ̀ láti ọ̀kan dé ẹ̀jọ; bí ẹyọ kan bá fò, yóò gé orí náà sọnù, yóò sì na wáyà padà sí mi. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi mọ àwọn àwọ̀ náà ju ojú mi lọ. Ọ̀gá gbà pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú kò jìnnà ju orí wáyà lọ, mo sì ti rí i pé òótọ́ ni.

Iná ló kàn. Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní CERN, lẹ ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà NeXT rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pa á, torí òun ni sáfà wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ láyé. Iná tiwa kì í dúró, nítorí náà ọ̀gá fún mi ní laptop tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti fi ṣe sáfà: kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì sì ti wà nínú rẹ̀. Ráútà ń jẹ fóòtì 12, a sì fà á láti ara bátìrì sólà. Kí n tó so ó, ó ní kí n fi mítà wọn bátìrì náà lọ́sàn-án gangan. Fóòtì 14 ó lé ni mo rí, nítorí oòrùn ń rọ iná sínú rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá so ó tààrà, a lè ba ráútà jẹ́. Rẹ́gúlétọ̀ kékeré ló fi sáàárín, àti fíúsì.

Gbígbé Linux àti nginx, ètò tó ń fi ojú ewé hàn fún àlejò, sórí laptop náà kò pẹ́ púpọ̀. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le ni àdírẹ́sì. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì kárí mọ́. Torí náà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ó dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́nu géètì: ará ilé lè jáde bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n àlejò tó kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó mọ yàrá tó ń wá. Ọ̀gá fi bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n hàn mí. Ṣí ojú ráútà, wo àdírẹ́sì tí wọ́n fún un láti ìta. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, o ò dá géètì ní.

Bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí. A lè yá sáfà kékeré lókè òkun, kí ó máa gba àlejò, kó máa darí wọn wá sílé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wù mí. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní, "Kí ará Addo gba Yúróòpù kọjá kó tó ka ìkéde Addo?" Ẹgbẹ́ dá owó oṣooṣù fún àdírẹ́sì tiwa tí kì í yí padà.

Inú ráútà, a fún laptop ní 192.168.1.10, a sì ní kí ẹni tó bá kan pọ́ọ̀tù 80 tàbí 443 máa lọ bá a. Ọ̀gá ní kí n pa Wi-Fi fóònù mi, kí n fi dátà wò ó, torí ẹni tó wà nínú ilé kò lè jẹ́rìí ẹnu ọ̀nà. Ojú ewé náà ṣí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó!" Ó wò ó, ó ní kí n lọ ka lọ́ọ̀gì. Àwọn àjèjì ti dé ṣáájú àwọn onílé, wọ́n ń wá wp-login.php, ẹnu ọ̀nà WordPress, tí a kò ní. Láti ọjọ́ náà, kíka lọ́ọ̀gì di iṣẹ́ àárọ̀ mi. Ìwé ẹ̀rí ààbò ìkànnì tí a gbà lọ́dọ̀ Let's Encrypt, ọjọ́ 90 ló ń lò nígbà náà. Ọwọ́ ni ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ máa fi tún un gbà, kó tó jẹ́ kí ètò certbot máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lápá Abidjan: WACS, ACE, SAT-3, àti MainOne tí ilé-iṣẹ́ Funke Opeke fà láti Pọtogí wá sí Èkó ní 2010, nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì òkè òkun kọ̀, wọn ò ṣí. Tiwa ṣí fún àwọn ará àdúgbò, torí IXPN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, wà fún kí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà máa gbé ẹrù fún ara wọn láì jáde nílùú. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ kí ọ̀gá pé ẹ ṣé, fún kíkọ̀ tí ó kọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní laptop olójú fífọ́ nílé, ẹ má tíì tà á. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lójú ráútà yín ná, kí ẹ sì wá ọ̀gá tí yóò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ orí wáyà.