Kókó Orí

Bí ọmọ bá ṣubú tí ó fi orí gbá ilẹ̀, kókó ni gbogbo ilé máa ń wò. Ìyá a gbé omi kaná, ìyá àgbà a wá òrí, bàbá a sì fi àtàǹpàkò tẹ kókó náà kí ó lè wọlé. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí, mo ti sin òkú kan ní Ọlọ́runṣògo tí kò ní kókó kankan lórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó já bọ́ lórí ọ̀kadà, ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹun alẹ́. Nígbà tí ó yá, orí ń fọ́ ọ, ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò jí.

Awọ orí kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, egungun agbárí sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bí nǹkan bá gbá a, ẹ̀jẹ̀ a dà sí àárín méjèèjì, kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó ti awọ sókè lọ. Ìdí nìyí tí kókó fi ń tóbi kíákíá. Bí ó bá jẹ́ iwájú orí ni, ẹ̀jẹ̀ náà lè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ìpéǹpéjú sì dúdú. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo rẹ̀ a lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ òde agbárí nìyẹn. Èyí tí ó ń pani ni èyí tí ó dà sínú, tí ó ń fún ọpọlọ mọ́ egungun. Ojú kò lè rí ìyẹn.

Ìyá tí ń tọ́jú aláìsàn ní ilé-ìwé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, ọmọ kan sáré fi orí gbá òpó gọ́ọ̀lù. Kókó yọ bí ẹyin tòlótòló (Oníwo ni a ń pè é títí di òní). Ìyá rẹ aṣọ sínú omi àmù, ó fi lé e, kò tẹ̀ ẹ́, kò sì wo kókó mọ́. Ní gbogbo òru ni ó ń jí i, tí ó ń bi í ní orúkọ àti ìlú rẹ̀.

Ìbàdàn kúkú ti ní olùrànlọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti Amẹ́ríkà dé sí UCH. Ó kú ní 1974, ní ẹni ọdún 47, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ kò kú.

Nítorí náà, ọmọ ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí ó bá ṣòro láti jí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ, bí gìrì bá mú un, tàbí bí omi bá ń kán ní imú tàbí etí rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Ọmọ ọwọ́, àti àgbàlagbà tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò yẹ kí wọ́n dúró de àmì kankan. Èmi tí mo jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ń sọ ọ́: a lè gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Láti ìgbà ìsìnkú yẹn ni ìjọ Ọlọ́runṣògo ti ń fi owó ọkọ̀ òru pamọ́ sọ́wọ́ ìyá ìjọ. A ti ná an lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta náà ni ó ní kókó lórí.