Adìẹ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà

Bí adìẹ bá dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ni í fi dúró. Àlejò ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ onílé pẹ̀lú.

Ìyá àgbà kan ń sin adìẹ mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé. Láti ara wọn ni ó ti ń rí owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó ra àgbébọ̀ méjì lọ́jà, ó sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ó sì ń mí gúlegúle. Ìyá rọ ọ́ lágbo, ó ra oògùn òyìnbó, asán ni. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, adìẹ méjì péré ni ó ṣẹ́ kù.

Lùkúlùkú ni àrùn náà, èyí tí a ti ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1952 sí 1953. Kò sí oògùn tí í wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a bá fún adìẹ ṣáájú ni ààbò rẹ̀. Àrùn èémí mìíràn wà tí oògùn dókítà ẹran lè kápá, ṣùgbọ́n àwọn náà lè fi sísín bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí adìẹ tuntun gbé àgò tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́. Ti ilé ni kí a kọ́kọ́ bọ́, kí a tó bọ́ àlejò, kí a sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà.

Ìyá ti ra òmíràn. Àgò wọn wà lábẹ́ igi ọsàn ní òdìkejì àgbàlá. Ó ń ka ọjọ́.