Ojú Irin Tó Gba Agége Kọjá

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Ìbàdàn ni wọ́n ń lé, wọ́n sì ṣí i dé ibẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1901. Agége kàn bọ́ sójú ọ̀nà ni. Ẹrù oko ni òyìnbó fẹ́ kó dé etíkun.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Agége ò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá lófo. J. K. Coker dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkọ̀ nítòsí, òun àtàwọn olóko yòókù sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́yìn kòkó ni obì gbàǹja gbòde. Nígbà tí yóò fi di 1912, irin Èkó ti so mọ́ ti Kánò, Òkè Ọya sì ni ọjà obì wà. Obì kì í fẹ́ ìdádúró: bó bá pẹ́ lọ́nà, yóò gbẹ, tàbí kí kòkòrò jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin a bó o, wọ́n a ṣà á, wọ́n a fi ewé tútù tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dì í. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Hausa tó wá rà á ni kò padà mọ́; wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń sọ Yorùbá ketekete. Ó yẹ kí ìtàn yìí wà lára ògiri ibùdókọ̀ ojú irin Agége gàdàgbà.

Nígbà tó yá, èrò rọ́pò ẹrù. Owó ilé ń wọ́n nígboro, òṣìṣẹ́ sì ń kó lọ sí Agége, Ìjú àti Agbádó. Ọkọ̀ ojú irin ìdájí tó ń lọ sí Ìdó a kún títí èèyàn a fi gun òrùlé. Àwọn mìíràn já bọ́, wọ́n sì kú. Ẹni tó bá mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú títì Agége mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀.

Ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, dá ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro sílẹ̀. Àwọn ológun fagi lé e ní 1985. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Red Line, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ 8, Agége sì jẹ́ ọ̀kan. Ọdún 39 ti lọ. Irin Ìbàdàn tuntun, tí wọ́n ṣí ní 2021, ni Red Line sì ń bá ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ pín lò, ìdí nìyẹn tí ìrìn ọkọ̀ kò fi lè pọ̀ tó bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fẹ́. Irin tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kàn tí ìjọba gbọ́dọ̀ tẹ́, kó má sì tún gba ọdún 39.