Àwọn Ẹ̀gà Ojú Òrè

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kúrò ní Ṣàngó Ọ̀tà kò ní í rìn jìnnà kí ó tó kan oríta Ojú Òrè. Ariwo ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀: àwọn ọkọ̀ akérò, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tírélà tí ń kó ẹrù jáde láti ilé iṣẹ́ ńláńlá, àti àwọn obìnrin tí ń gbé búrẹ́dì sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láàárín eruku. Bí mo bá sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti í ya àwòrán ẹyẹ, yóò fi mí rẹ́rìn-ín ni. Èmi náà ti rò tẹ́lẹ̀ pé irú iṣẹ́ báyìí di ọgbà Lekki, tí a dá sílẹ̀ ní 1990 láti dáàbò bo ẹ̀dá igbó, tàbí inú igbó IITA ní Ìbàdàn, níbi tí ìbátan ẹ̀gà kan tí a fi orúkọ ìlú Ìbàdàn pè ń gbé, ẹyẹ tí a kì í rí ní ibòmíràn láyé àfi ní ìhà tiwa yìí.

Ọ̀pẹ kan ni ó yí èrò mi padà. Ó dúró lẹ́yìn ilé wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri ilé iṣẹ́ kan, àwọn ẹ̀gà sì ti já ewé rẹ̀ títí ó fi ku kìkì igi ìgbálẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ni onílé wa kéde pé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, òun yóò gé e, òun yóò sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìdí rẹ̀. N kò lè bá a jà. Ilẹ̀ rẹ̀ ni, ó sì ní ọmọ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo ní kámẹ́rà kan tí mo kàn fi ń ya àwòrán ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Mo pinnu pé kí ọ̀pẹ náà tó wó, n ó ya ẹyẹ kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ yóò hàn gbangba.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní dẹ́rù bà yín. Èmi ya àwòrán tí ó lé ní 200, kò sí ẹyọ kan tí ó dára. Nínú àwọn kan, ẹyẹ dúdú bí èédú, nítorí òfuurufú funfun ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ìyẹ́ nìkan ni ó hàn, bí òwú tí atẹ́gùn gbé. Mo wá kọ́ láti jáde kí agogo méje àárọ̀ tó lù, kí èéfín àti eruku tó bo ojú ọ̀run, kí n sì jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn mi. Mo kọ́ láti yí kámẹ́rà sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti ṣí fún ìdá kan nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí ìyẹ́ ẹ̀gà kò mọ ìdúró.

Èyí tí ó pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ni ibi tí n ó dúró sí. Bí mo bá ti yọ sí ìdí ọ̀pẹ, gbogbo ẹyẹ a fò lọ. Ní ọjọ́ kan tí mo ń sá aṣọ, mo rí i pé ẹ̀gà kò bìkítà fún aṣọ orí okùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan lójoojúmọ́, ìbáà tutù ìbáà gbẹ, tí mo ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, tí mo sì ń yọ imú kámẹ́rà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò kò gbádùn rẹ̀ rárá. Ọ̀tà ni a wà, ẹ má gbàgbé. Lẹ́nu àwọn àgbà, ẹyẹ kì í ṣe ẹyẹ lásán níbẹ̀. Bí a bá pe obìnrin ní ẹlẹ́yẹ, a kò yìn ín. Obìnrin tí ó wá ń fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí ń na nǹkan dúdú sí ẹyẹ, kí ni kí a pè é? Ọ̀kan nínú wọn kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé nígbà tí ó rí mi. Ó dùn mí, n kò ní í purọ́.

Ìyá àgbà kan tí ń ṣa ẹ̀wà àkàrà lẹ́bàá ògiri ni ó gbà mí.

“Ìyàwó, kí lo ń wá lára àwọn ẹyẹ wọ̀nyí?”

Mo kúnlẹ̀, mo gbé kámẹ́rà fún un kí ó wo àwọn tí mo ti yà. Ó wò ó pẹ́.

“Akọ ni gbogbo èyí tí o yà. Abo ni kí o máa ṣọ́. Òun ni yóò sọ bóyá ilé di ilé.”

Òótọ́ ni. Akọ ẹ̀gà, tí orí rẹ̀ dúdú, tí ara rẹ̀ dà bí ìyeyè tí ó pọ́n, tí ẹyinjú rẹ̀ sì pupa, ni ó ń hun ìtẹ́. A fa ewé ọ̀pẹ ya ní tẹ́ẹ́rẹ́, a so ó, a lọ́ ọ, títí yóò fi di ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Nígbà náà ni yóò dorí kodò sí ẹnu ọ̀nà, tí yóò máa gbọn ìyẹ́, tí yóò máa pariwo kí obìnrin wá wò ó. Abo a dé, a wọlé, a yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, a sì lè jáde láìdágbére. Bí ewé ìtẹ́ náà bá gbẹ tí kò sí abo tí ó gbà á, akọ fúnra rẹ̀ a tú u palẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èyí tí abo bá gbà ni ó ń fi koríko rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Irú ẹ̀gà yìí kan náà ń hun ilé ní Haiti àti Dominican Republic lónìí. Ènìyàn ni ó kó wọn kọjá òkun láti Áfíríkà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi àti ìyá àgbà ní àárọ̀ ọjọ́ tí abo kan kọ ilé mẹ́ta léra wọn.

Ní oṣù kẹjọ ni mo rí tèmi: abo kan yọ orí ní ẹnu ọ̀nà ìtẹ́, koríko lẹ́nu, ojú rẹ̀ ń dán. Obìnrin tí ó kó ọmọ wọlé mú wọn wá wò ó.

A gé ọ̀pẹ náà ní oṣù kọkànlá. Ìtẹ́ gbígbẹ tí ó bá a wálẹ̀ kún agbọ̀n méjì, ìyá àgbà sì fi wọ́n dáná àkàrà. Àwòrán náà wà lára ògiri yàrá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀ olóògbé. Nígbà tí òjò tún dé, àwọn ẹ̀gà bọ́ sórí igi àgbọn kan ní òdìkejì ọ̀nà, lókè orí àwọn tí ń ta búrẹ́dì. Kò sí okùn aṣọ níbẹ̀. Mo ṣì ń wá ohun tí n ó fara pamọ́ sí.